Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ ẹ́ Fò, Ṣùgbọ́n Ẹyẹ Lójú

Thomas Estate,
Ajah, Èkó.
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Rùkáyá, Àníkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé láti ẹnu géètì wa níbí dé ilé tí o gbà ní Ìbẹ̀jú kò jìnnà tó ibi tí èèyàn ń kọ lẹ́tà sí. Mo lè wakọ̀ wá bá ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí n tó sọ ìlàjì, o ti ń dá mi lóhùn. Ti fóònù tún burú ju ìyẹn lọ. Ìwé ni kì í jẹ́ kí ọmọ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kírun tán, tí ìyá rẹ sì ti béèrè bóyá ìdánwò ni mo ń ṣe.

Mo tún kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ lọ. Ọmọ tí mo máa ń gbé sọ́rùn kó lè rí ẹlikọ́pítà dáadáa ló wá di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè kí nǹkan tó gbéra nílẹ̀. Alhamdulilahi.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, ohun tí o kọ́kọ́ sọ wù mí. O ní ilé iṣẹ́ yín fẹ́ máa rán àwọn ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní dúróònù, láti ẹ̀yìn Ṣàngótẹ̀dó gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n máa gbé oògùn àti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. O ní àwọn mìíràn á máa gba etí òkun lọ bá àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró de àyè ní èbúté ńlá Lẹ́kí. Ẹni tó ń darí wọn á jókòó sí ọ́fíìsì yín, kò ní fojú ara rẹ̀ rí wọn rárá, ojú kọ̀ǹpútà ni á máa wò. Iṣẹ́ rere ni. Ẹni tó bá mọ bí aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ṣe máa ń retí ọkọ̀ ní òdìkejì omi kò ní sọ pé kí ẹ má ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni o wá sọ ohun tó mú ọ pè. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbọ́ ọkọ̀ òfurufú mìíràn lọ́nà jíjìn, kó sì máa yà fún un, kò tíì dé sára gbogbo wọn. Àwọn aláṣẹ ò tíì fún yín lésì nípa ìwọ̀n gíga tí ẹ máa fò sí. Ọ̀gá yín sì ti pe àlejò, ó fẹ́ kí ẹ gbé e sókè lójú wọn. Ìwọ tí wọ́n fi ṣe olórí ètò ààbò lo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

O ní, “Ọ̀gá wa ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Kí ni kí n ṣe, Bàbá?”

Mo ní màá kọ̀wé sí ọ. Mo ti ń rántí nǹkan kan.

Òwe tí ọ̀gá rẹ pa, òwe àwọn bàbá wa ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ni wọ́n fi pa á. Ẹyẹ lójú, ẹyẹ létí. Bí ẹyẹ méjì bá pàdé, kálukú wọn ló ń rí èkejì, kálukú ló ń yà. Ohun tí ẹ fẹ́ gbé sókè yìí, ojú wo lẹ fún un?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí o ṣì wà ní yunifásítì ni. O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ẹlikọ́pítà gbé èèyàn lọ sí àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun, kí n sì máa gbé wọn bọ̀. Lọ́jọ́ náà wọ́n pè wá pé ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn ní ibùdó kan ti dùbúlẹ̀, inú ló ń run ún, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ kí ọ̀sán tó pọ́n jù. Èmi àti Kọ́lá la lọ gbé e. Kọ́lá ni igbákejì mi nínú ọkọ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A tẹ́ ọkùnrin náà sẹ́yìn wa. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kérora tó ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀, ìkùukùu sọ̀kalẹ̀, ó dúdú, òjò ti wà nínú rẹ̀. Àfi ká wọ abẹ́ rẹ̀. Ibi tí mo sọ̀kalẹ̀ dé, a kì í sábà fò níbẹ̀. Mo ń rí orí igi àgbọn, mo ń rí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn ilé. Mo fi rédíò sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú pé mo ti wálẹ̀, mo sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà lọ́nà mi. Wọ́n ní kò sí ẹnì kankan. Wọn ò parọ́ o. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ.

A ti kọjá etí òkun, a ti ń wọ apá Ṣàngótẹ̀dó, nígbà tí Kọ́lá sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, ẹyẹ níwájú.”

Mo wò ó. Ẹyẹ tó bá gbọ́ dídún ẹlikọ́pítà, ṣe ló máa ń fi ara rẹ̀ sọ̀kò sísàlẹ̀. Èyí ò mira. Ó dúró gbagidi sójú kan.

“Kì í ṣe ẹyẹ,” mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti yí ọkọ̀ sápá ọ̀tún kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu mi. Nǹkan náà gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Kọ́lá kọjá. Mo rí apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo rí iná pupa kékeré kan lára rẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ké, torí bí a ṣe yí bìrí ló dùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò nìkan ló kù níwájú wa.

Ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ni o. Ká ní ó wọ inú abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí ọkọ̀ wa, gbogbo wa là bá já lu òrùlé àwọn tí kò mọ nǹkan kan.

A balẹ̀. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yè. Kọ́lá ṣí omi fún mi. Mo mu ún tán, mo tún béèrè òmíràn. Mo délé, mo jẹun, mo bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ nípa òrùlé wa tó ń jò. Mi ò sọ fún un, torí mi ò fẹ́ kó máa dúró sójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí mo bá jáde. Ó ti mọ̀ báyìí. Òun ló ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí.

Mo fi ẹjọ́ náà sun àwọn ọ̀gá mi bó ṣe yẹ. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mi orí. Ta ló ni ín? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi mi, mo wakọ̀ lọ sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ fúnra mi, lẹ́yìn ọjà Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń la ilẹ̀ tuntun. Mo kírun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan níbẹ̀, mo sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n mọ ẹni tó ń fò dúróònù ládùúgbò. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní Ganíyù ni, sọ́féyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ rà á.

Inú ń bí mi nígbà tí mo ń rìn lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí i lẹ́nu. Ẹni tí mo bá jẹ́ ọkùnrin kan tó ń fi aṣọ nu ẹrẹ̀ lára ohun èlò rẹ̀, tó sáré gbé àga fún mi kó tó mọ ohun tí mo bá wá. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Mo gbọ́ dídún yín lọ́jọ́ náà, sà. Mo wòkè. Mi ò rí yín, mo rò pé ẹ ti kọjá. Òun sì ti lọ jìnnà, ojú mi ò ká a mọ́. Ojú fóònù ni mo ń wò.”

“Kí lẹ ń rí lójú fóònù?”

“Ilẹ̀ ni, sà. Ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà rẹ̀ ń wò.”

“Ta ló wá ń wo iwájú?”

Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Kò sí, sà. Ẹ má bínú.” Nígbà tó yá, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi, kò fi ìgbéraga béèrè rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ta lẹ sọ fún pé ẹ máa gba orí wa kọjá nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

Mo ní mo sọ fún àwọn tó ń darí wa.

“Wọn ò mọ̀ mí,” ó ní. “Èmi náà ò mọ̀ wọ́n.”

Àníkẹ́, ìbínú mi lọ pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Àwa méjèèjì wà nínú òfurufú kan náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wá pọ̀. Èmi ń bá àwọn tó ń darí ọkọ̀ sọ̀rọ̀, òun ń wo ìsàlẹ̀, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí ẹ̀mí ṣòfò.

A jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀. A fi ẹnu kò pé kó tó gbé tirẹ̀ sókè, á pe ọ́fíìsì wa, wọ́n á sì sọ fún un bí ọkọ̀ wa kankan bá ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó dùn ún sọ, ó ṣòro ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè, wọ́n rò pé gbájúẹ̀ ni, wọ́n gé fóònù mọ́ ọn létí. Mo lọ bẹ ọ̀gá tó ń rí sí ìrìn ọkọ̀. Mo tún lọ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbà. Àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó gbọ́, àwọn tó ń ya àwòrán ilé fún àwọn oníẹ́sítéètì gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Ní ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ojú omi nínú òjò, bíi ti ìjọ́sí. Ganíyù ti pe ọ́fíìsì, wọ́n sì ní kó dúró. Oníbàárà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kánjú, ó ní òun ò rí ẹlikọ́pítà kankan, kó gbé e sókè jàre. Ganíyù ò gbé e. Ọkùnrin náà bínú wọ mọ́tò, ó lọ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbọ́, mo sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí pé nítorí tèmi ni.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Alájì, ilẹ̀ ò ní sá lọ. Iṣẹ́ mìíràn á dé.”

Ìtàn náà nìyẹn. Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ fún ọ.

Èkíní, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé nǹkan wá síwájú rẹ pé kí o fọwọ́ sí, bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo bi Ganíyù: ta ló ń wo iwájú? Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ni, béèrè bó bá lè rí ọkọ̀ tí kò kéde ara rẹ̀, torí gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló ń kéde. Bí wọ́n bá ní èèyàn ni, lọ wo ibi tí ẹni náà ń dúró sí. Bó bá jẹ́ pé kò sí, ẹ ò tíì ṣetán, bí ohun yòókù tilẹ̀ dára tó.

Èkejì, má ka ìdákẹ́jẹ́ sí àyè òfìfo. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú, mo máa ń rò pé bí rédíò bá dákẹ́, èmi nìkan ni mo ni ojú ọ̀run. Ìwà ọmọdé ni. Jẹ́ kí tiyín máa kéde ara rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti kúrò nílẹ̀ títí tó fi máa balẹ̀: èmi rèé, ibi báyìí ni mo wà, ibi báyìí ni mo ń lọ. Kí ẹ sì fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú ní nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù. Kì í ṣe nọ́ńbà ọ́fíìsì tó ń kọrin sí èèyàn létí o. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ gan-an ni mò ń wí.

Ẹ̀kẹta, lọ́jọ́ kan, ohun tó so yín mọ́ dúróònù náà á já. Ẹ ó máa wò, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn. Kí ó tó gbéra ni kí o ti mọ ohun tó máa ṣe nígbà náà. Mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yípadà sílé fúnra wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n orí ta ló máa gbà wálé? Bó bá jẹ́ orí ọjà Ṣàngótẹ̀dó ni, jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà náà yà. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Jẹ́ kó gba orí omi, kó ní ibi tó lè sọ̀kalẹ̀ sí láì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀rọ̀ omi ló mú mi rántí àwọn apẹja. Kí ẹ tó kọjá lórí ọ̀sà, lọ kí wọn. Má rán ẹnikẹ́ni, ìwọ gan-an ni kí o lọ. Fi nǹkan náà hàn wọ́n, jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Sọ ẹni tí wọ́n máa pè bó bá já sómi fún wọn. Ẹni tí o bá kí lónìí kò ní sọ òkò lù ú lọ́la, ó sì lè jẹ́ òun ló máa bá ọ yọ ọ́.

Nípa ìwọ̀n gíga, mo mọ̀ pé wọ́n á fa ìlà sórí ìwé: ẹlikọ́pítà lókè, tiyín nísàlẹ̀. Ìlà náà dára, kí ẹ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìkùukùu kì í ka ìwé. Lọ́jọ́ òjò, àwa tó wà lókè á wá bá yín nísàlẹ̀, pàápàá bí a bá gbé aláìsàn. Nítorí náà, bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú lápá òkun, ẹ sọ tiyín kalẹ̀. Ẹ má dúró de ẹni tó máa sọ fún yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré. Ẹ kọ́kọ́ fò níbi tí ojú yín ká, kí ẹ wá máa sún un síwájú díẹ̀díẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, má jẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀. Ojú tó bá ti rẹ̀ máa ń wo nǹkan láì rí i. Fún un ní ìsinmi, kí o sì rí i pé ó jẹun. Ìwọ náà, máa jẹun. Ìyá rẹ ní ọrùn rẹ ti ń gùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, èyí tí o tìtorí ẹ̀ pè mí.

Má fọwọ́ sí i, Àníkẹ́. Kì í ṣe pé kí ẹ má fò láé. Kí ẹ má tíì fò báyìí ni mò ń wí.

Ṣùgbọ́n má fi ìbínú sọ ọ́, má sì sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn. Lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀, kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó fi ohun ìní rẹ̀ dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nílẹ̀ yìí, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ń bà á pé kí iṣẹ́ òun má kùnà ni. Máa rántí ìyẹn bó bá gbóhùn sókè. Kí o wá sọ fún un pé, “Ọ̀gá, mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí pẹ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, wọ́n á sì tì í mọ́ gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.” Má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Mú nǹkan mìíràn tó lè fi han àwọn àlejò rẹ̀ dání: kó gbé èyí tí ẹ̀rọ ti pé lára rẹ̀ sókè lórí pápá yín, lójú wọn, kó lọ kó bọ̀, kó balẹ̀. Inú wọn á dùn. Àlejò ò mọ̀ bóyá ó yẹ kó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá gbà, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ lo dá a dúró.

Bí kò bá gbà, tó ní òun á wá ẹlòmíràn tó máa fọwọ́ sí i, kọ ohun tí o rí sílẹ̀, fún un ní ẹ̀dà kan, fún àwọn aláṣẹ ní ẹ̀dà kan. Kí o wá kó ẹrù rẹ máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò ní bi ọ́ pé báwo ló ṣe jẹ́, ìyá rẹ náà kò ní bi ọ́. Iṣẹ́ tó bá lọ, a lè rí òmíràn. Ẹni tó bá wà lókè lọ́jọ́ náà, tó ń bọ̀ wá bá ìyàwó àtọmọ nílé, a ò ní rí ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó sì ṣọ́ gbogbo ohun tí o bá gbé sókè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Nọ́jímù.